Gbogbo Lọ́kọ́ja Ti Mọ Ẹni Tó Ń Ké Nínú Omi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́, torí òun gan-an ló mú mi jókòó láti sọ èyí fún yín. Ganaja ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ náà, mò ń lọ sí Felele láti kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́lé lọ́hùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló jókòó tì mí, ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan. Ọmọbìnrin náà fa fóònù yọ, ó ń wá géèmù kan tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọkùnrin yẹn na ọrùn wo ohun tó ń wá, ó ní, "Má wulẹ̀ fi dátà ẹ ṣòfò jàre. Ìyá ẹ̀ ni." Èyí obìnrin ní, "Ìyá ta ni?" Ó ní, "Ìyá ẹni tó ń tukọ̀. Òun ló ń ké látìgbà yẹn. Ṣebí wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Ehn-ehn?", ó sì ti fóònù bọ àpò. Ó tán nìyẹn! Iṣẹ́ tí èmi àti ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọdún gbọọrọ ṣe, ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa á lójú mi, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun pa nǹkan. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Kí ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣe? Mi ò mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé bí mo bá jókòó ti ọmọ yẹn títí dé Felele, ìjà la máa jà, ojú á sì tì mí torí mo lè bí i lọ́mọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú òòrùn, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé eré ọmọdé ni géèmù. Gbogbo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìpẹ́ yìí ni mo ti bá jà, mo sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ọmọ Ìjùmú ni mí, ọkọ mi sì jẹ́ ọmọ Kàbà. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tó ń mú géèmù ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Onímísí, ọmọ Ẹ̀bìrà, ló ń ya àwòrán, òun náà ló ń ṣe ohùn àti orin. Èmi ni mò ń kọ ìtàn, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ ń sọ. Yàrá kan nínú ilé wa ní Ganaja la sọ di ilé-iṣẹ́. Bí iná bá lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọṣẹ́, a jókòó, a máa jiyàn. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn.

Géèmù náà kò le láti yé ènìyàn. Omi ti bo ìlú kan tó jọ Lọ́kọ́ja yìí, ó ti kan fèrèsé. Ìwọ tó ń ṣe é, ìwọ lo ni ọkọ̀, ìwọ lò ń tù ú. Wàá máa ti ilé dé ilé, wàá máa kó àwọn ènìyàn lọ sórí òkè. Wàá bá aránṣọ kan tó ní òun ò ní fi ẹ̀rọ òun sílẹ̀. Wàá bá bàbá kan tó di ewúrẹ́ mọ́yà, tó ní kí o kọ́kọ́ gbé ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn ohùn kan ń ké, obìnrin kan ń pè ọ́. O tù lọ síhìn-ín, o bá ẹlòmíràn. O tù lọ sọ́hùn-ún, ohùn náà ti jìnnà. Ìgbà tó o bá kó gbogbo ènìyàn tán, tó o yí ọkọ̀ padà, ìgbà yẹn lo máa tó rí i pé ilé tó ò ń kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ látàárọ̀, ilé ìwọ fúnra rẹ ni. Ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń pè ọ́. Ta ló mọ bí ẹ̀yìnkùlé òun ṣe rí láti orí omi? Àwọn díẹ̀ tí a fún tọ́ wò kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ mi, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń mi ilé, ṣe é dé ìparí, ó dojú fóònù dé orí tábìlì, ó jáde lọ pe ìyá rẹ̀ ní Ìsánlú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti rí nǹkan ṣe.

Ìtàn yẹn kì í ṣe àròsọ o. Kí ọkọ mi tó fẹ́ mi, Kabawa ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, níbi tí odò ò jìnnà. Lọ́dún kan, omi ya wọ ìlú. Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́ja, ẹ mọ bó ṣe máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọ ọkọ̀, wọ́n ń gbé ènìyàn. Ó gbé Nupe, ó gbé Ìgalà, ó gbé Haúsá, ó bá aránṣọ gbé ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ń súre fún un. Lọ́kàn rẹ̀, ìyá òun ti bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ láàárọ̀. Màmá ò lọ. Ó ti padà wọlé lọ mú àpótí aṣọ, omi bá sé e mọ́lé. Ó gbé tábìlì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gun orí rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ títí òòrùn fi ń wọ̀. Ọkọ mi gbọ́ ohùn yẹn. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi pé òun gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn pọ̀ lórí omi lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé ìyá ẹlòmíràn ni, pé ọmọ rẹ̀ á wá gbé e. Apẹja Nupe kan ló gbé Màmá jáde.

Màmá ò bú u. Ìbá sàn ká ní ó bú u! Ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ yẹn ni pé, bí ọkọ mi bá ti wọlé, á ní, "Káàbọ̀, ọmọ gbogbo ayé." Á sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, á sì bu oúnjẹ fún un. Ìyẹn náà ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀bẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́? Ọdún ń gorí ọdún, Màmá kó padà sí Kàbà, ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ṣe géèmù yìí. Màmá fẹ́ràn géèmù orí fóònù, ẹ má wò ó pé arúgbó ni, èyí tí wọ́n fi ń to òkúta aláràbarà ló máa ń ṣe kí ó tó gbàdúrà àárọ̀. Ọkọ mi ní kí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tu ọkọ̀ yẹn. Kí òun náà gbọ́ igbe kí ó má mọ ẹni tó ni ín. Kí ó gbé aránṣọ, kí ó gbé ẹléwúrẹ́, kí ó kọjá ilé náà léraléra, kí ó lè rí i pé bí òun bá wà lórí omi lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé kí Màmá má mọ̀ kí ó tó débẹ̀. Ṣé ó yé yín?

Ó dáa. Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí: báwo ló ṣe yẹ kí ohun tí a máa fi han aráyé pọ̀ tó kí géèmù tó jáde? Ọkọ mi ní ká má fi nǹkan kan hàn. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Ẹni tó ń lọ sókè òkun, ọjọ́ tó bá gúnlẹ̀ la máa gbọ́. Ẹni tó lóyún, ikùn rẹ̀ ló máa sọ fún wa. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́. Onímísí ní irọ́ ni, pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹ ò rí i bí ọmọ Ẹ̀bìrà ṣe ń fi òwe Yorùbá lù wá lórí! Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun, kí géèmù wọn tó jáde, wọn á ti fi fídíò rẹ̀ hàn títí, wọn á ti jẹ́ kí àwọn kan ṣe é wò, wọn á ti sọ bó ṣe gùn tó àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní òtítọ́ ni, àmọ́ ó gbàgbé àwọn tí wọ́n ṣèlérí òkè ṣèlérí ilẹ̀, tí géèmù dé tí ìdajì ìlérí ò sí níbẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe géèmù sì bú wọn bí ẹni ń lá oyin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n fi gbogbo ibi tó dùn sínú fídíò, tí ẹni tó rà á kò rí nǹkan tuntun kan mọ́. Ohun tí èmi sọ ni pé ẹni tó ń se ọbẹ̀ tà, á jẹ́ kí òórùn rẹ̀ jáde, kò ní máa bu ẹran fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ká fi ọkọ̀ hàn, ká fi omi hàn, ká jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn náà. Ẹni tó ni ohùn, ká fi ìyẹn pamọ́. Wọ́n gbà. Ọkọ mi gbà á tìkanratìkanra, ṣùgbọ́n ó gbà.

Fídíò kékeré yẹn jáde, ó sì kọ́kọ́ dùn. Àwọn ènìyàn ń gbé e láti ẹgbẹ́ orí fóònù kan sí òmíràn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. "Ta ló ń ké?" Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ tó sọnù ni. Onímísí ń jó nínú yàrá. Àṣé a ò ronú jinlẹ̀ ni. Ìlú tó wà láàárín odò ńlá méjì, o jẹ́ kí ohùn obìnrin máa pe ènìyàn látinú omi, o ò sì sọ ẹni tó jẹ́! Kí lo rò pé wọ́n máa rò? Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ títí dòní sọ pé ẹ̀mí omi ni. Ó ní bí ọmọ bá ti lè tẹ ọkọ̀ yẹn lọ síbi ohùn náà, ó ti dáhùn nìyẹn, wọ́n ti mú un. Áà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn òbí níléèwé tí ọkọ mi ti ń kọ́ni, ó bá mi níbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní, "Madam, ṣé kò sí nǹkan kan nínú nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "Kí wá ni ohùn yẹn?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Báwo lo ṣe fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀mí láìsọ ẹni tó jẹ́? Ohun tí a kò sọ fún ènìyàn, wọ́n á fi ti ara wọn dí àyè rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àárín èyí ni Màmá ti Kàbà dé. Ìròyìn ti kàn án lọ́hùn-ún pé ọmọ rẹ̀ ń bá ẹ̀mí omi ṣòwò. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn sọ báàgì kalẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa kò sí ohun tuntun tí a kì í gbé lọ síwájú pẹpẹ. Mọ́tò, ìyẹn yé mi. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, ẹ̀rọ ìlọta, ó dáa. Mo ti rí i tí wọ́n ru fìríìjì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tí pásítọ̀ da òróró sí i lórí. Màmá ní bí wọ́n bá ti gbàdúrà lé géèmù yìí lórí ní gbangba kí ó tó jáde, gbogbo ẹnu á wọhò. Pásítọ̀ wa gbà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè gbọ́wọ́ lé ohun tí òun ò mọ inú rẹ̀. Kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n fi han ìjọ. Onímísí ní kí a má lọ. Èmi náà ní kí a má lọ. Ọkọ mi ní, "Ìyá mi ló sọ pé ká lọ." Mo dì í lápá mú nínú yàrá, mo ní, "Bàbá Ìbùkún, ohun tó wà nínú fídíò nìkan lo máa fi hàn. Ìwọ lo ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn o." Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ṣé ọmọdé ni òun ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ. Omi kún ògiri, ọkọ̀ wà lójú omi, ohùn yẹn sì gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé sá mọ́ ìyá wọn. Diakoneesi kan tó jókòó níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè fọhùn. Pásítọ̀ dojú kọ ọkọ mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Arákùnrin, ta ló ń ké yìí?" Ọkọ mi ní, "Pásítọ̀, bí ẹ bá ṣe é dé ìparí, ẹ máa rí i." Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní, "Ṣé ẹ̀mí ni?" Ó ní, "Rárá, sà." "Ta wá ni?" Ọkọ mi wò mí. Mò ń mi orí fún un débi pé gèlè mi fẹ́ẹ̀ já bọ́. Mo rí i pé ó fẹ́ dákẹ́, ká sọ tòótọ́, ó fẹ́ dákẹ́. Àfi bí Màmá ṣe dìde láàárín àwọn ìyá. Ó ní, "Ọmọ gbogbo ayé, iwájú Ọlọ́run lo wà o. Ta ni?"

Ọkọ mi ní, "Ìyá ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá ní, "Ìyá ta ni?"

Ó ní, "Ìyá ẹni tó ń tukọ̀. Ó ń gbé àwọn ẹlòmíràn, kò mọ̀ pé ìyá òun ló ń ké."

Ìjọ pariwo "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Diakoneesi dákẹ́ èdè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún, pásítọ̀ sì rí ìwàásù tí kò wá. Ó fi géèmù wa wàásù bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ! Ó bi ọkọ mi báwo ni ọmọ náà ṣe máa dá ilé wọn mọ̀, ọkọ mi dáhùn. Ó bi í ṣé ìyá náà kú, ọkọ mi ní kò kú. Ohun gbogbo ló sọ, bí omi tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Fóònù wà lókè káàkiri, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó. Mo wo Màmá. Ó ti jókòó, ó ń tún ìró rẹ̀ wé, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn.

Kí ó tó di pé a jẹun ọ̀sán, gbogbo ìlú ti gbọ́. Onímísí pe ọkọ mi, ó ní, "Oga, you don finish us," ó sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí omi tán lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù jáde, ta ló kù tí kò mọ ìparí rẹ̀? Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí ni mò ń bínú sí, pé àlọ́ tí a ti gbọ́ rí ṣì ń dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dùn fún ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìmọ̀ ọ́n! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dùn mọ́ni lẹ́ẹ̀kan ná. Ẹlòmíràn tó ń ṣe géèmù ní Àbújá ní ká yí ìparí padà, kí a fi ẹlòmíràn sínú ilé náà. Ta la fẹ́ fi síbẹ̀? Ẹ bá mi bi í.

Nǹkan mìíràn tún wá ṣẹlẹ̀ tí èmi ò rò tẹ́lẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti mọ̀, ṣe ni gbogbo ẹni tó bá ṣí i ń tukọ̀ lọ sílé ìyá náà tààrà. Wọn ò wo aránṣọ, wọn ò wo ẹléwúrẹ́. Ilé ìyá ni wọ́n ń lọ. Géèmù ò sì gbà wọ́n. Bí a ṣe ṣe é ni pé ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí títí wàá fi gbé gbogbo àwọn yòókù tán, kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣèèṣì já àṣírí. Bó o bá débẹ̀ ṣáájú àkókò, ọkọ̀ á yí padà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan á sì jáde lójú fóònù: "Àwọn ènìyàn ṣì ń dúró dè ọ́ níbòmíràn." Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Mo rò pé ó dára. Wọ́n wá ń bú wa lórí ẹ̀rọ ayélujára pé géèmù wa bàjẹ́, pé irú èwo ni kí ènìyàn fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kó gbé e. Onímísí ní ká má dá wọn lóhùn. Ọkọ mi ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, géèmù á tán kí ènìyàn tó jókòó dáadáa, gbogbo iṣẹ́ ọdún gbọọrọ á di ohun tí wọ́n ń ṣe tán nídìí iná tí wọ́n ń dúró dè kí omi hó. Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ.

Màmá ò tíì padà sí Kàbà. Pálọ̀ ni ó ń jókòó sí, ó gba fóònù mi, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó ṣí géèmù wa. Mo rò pé ó máa gbé àwọn tó kù bí a ṣe fẹ́, kí ó dé ìparí, kí ọmọ rẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo wa sinmi. Kò gbé ẹnì kankan. Ó tukọ̀ lọ sílé náà, ọkọ̀ dá a padà, ó tún tù ú lọ. Bàbá tó di ewúrẹ́ mọ́yà ń kígbe, Màmá kọjá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn èyí, á ṣí." Ó ní, "Rárá." Mo lọ bá ọkọ mi nínú yàrá, mo ní, "Jáde lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó ti mọ̀. Kí lò ń dúró dè?" Ó ní kí ó kọ́kọ́ ṣe é dé ìparí, pé ibẹ̀ ló máa yé e. Mo bú u. Mo sọ ohun tí ìyàwó kì í sọ sí ọkọ. Ó dojú kọ kọ̀ǹpútà. Ìyá ò ní gbé ará ìlú, ọmọ ò ní jáde títí wọ́n fi máa gbé ará ìlú tán, èmi ni mò ń rìn láàárín pálọ̀ àti yàrá bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú.

Lónìí yìí, Màmá pè mí. Ó na fóònù sí mi, ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun torí gíláàsì òun ò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni, ó ríran. Mo kà á: "Àwọn ènìyàn ṣì ń dúró dè ọ́ níbòmíràn." Ó ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Kò bínú. Ó gba fóònù náà padà, ó ní, "Ìyàwó mi, nígbà yẹn ọmọ mi kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ti wá mọ̀ báyìí. Ó ti ń bọ̀ wá bá mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá a padà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa géèmù jù wá lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ṣé ká ṣí ilẹ̀kùn yẹn kí iṣẹ́ wa parun, àbí ká fi ìyá àgbà sílẹ̀ lórí tábìlì títí ọmọ rẹ̀ á fi gbé gbogbo ayé tán?